A Dúró De Dádì Lẹ́nu Ọ̀nà Sinimá

Tí mo bá ti gbóòórùn gúgúrú oníbọ́tà, ọ̀sán ọjọ́ kan ní sinimá Ìjẹ̀bú-Òde ló máa ń wá sí mi lọ́kàn. Èmi àti Mọ́mì lọ wo eré orí ìtàgé tí wọ́n ká sílẹ̀, torí Dádì, tí Mọ́mì ní wọ́n rìnrìn àjò, wà lára àwọn òṣèré. Ẹnìkan gún Dádì lọ́bẹ, wọ́n ṣubú, mo bojú. Àmọ́ nígbà tí eré parí, wọ́n dìde, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n tẹríba.

“Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká dúró dè wọ́n lẹ́nu ọ̀nà.”

Mọ́mì dì mí lọ́wọ́ mú, a jáde. Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé wọ́n ti sin Dádì ṣáájú ọjọ́ yẹn.

A dúró. Gúgúrú tutù lọ́wọ́ mi. Gbogbo ìgbà tí ilẹ̀kùn bá ṣí, àwa méjèèjì la jọ ń yíjú wò ó.