Perce Tuckett, Ẹni Tí Kì í Rìn Sẹ́yìn

Ọ̀rọ̀ oko ìrèké tó wà lẹ́yìn ìlú Ayr ni àwọn èèyàn kọ́kọ́ máa ń sọ bí wọ́n bá dárúkọ olóògbé Perce Tuckett. Lọ́jọ́ náà, Perce ń wakọ̀, ilé onítáyà tí ọkọ̀ wọn ń fà ń tẹ̀ lé wọn, Merle ìyàwó rẹ̀ sì jókòó tì í. Ó yà kúrò lójú títì, ó wọ ọ̀nà tóóró kan láàrin ìrèké tó ga ju òrùlé ọkọ̀ lọ, ó ní yóò já sódò. Ẹ̀rọ omi kan tó ti dípẹtà ni ọ̀nà náà já sí, ó sì parí síbẹ̀.

"Padà sẹ́yìn," ni Merle wí.

"Ibí gan-an ni mò ń bọ̀," ni Perce dáhùn. Ó gbé àga méjì jáde, ó sì gbé omi tíì kaná.

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé kò mọ bí wọ́n ṣe ń fi ilé onítáyà rìn sẹ́yìn. Bó bá yí ọwọ́ ọkọ̀ sọ́tùn-ún, òsì ni ilé ń yà sí. Ó gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré nínú ọgbà àwọn arìnrìn-àjò kan, ògiri ilé ìwẹ̀ àwọn obìnrin sì wó. Láti ìgbà náà ló ti sọ ọ́ di ìlànà pé èèyàn gidi kì í rìn sẹ́yìn.

Tíì náà kò tíì tutù tí Santo Vecchiato, ẹni tó ni oko, fi gun katakata dé.

"Ẹ kú ìsinmi o, Bàbá. Ìrọ̀lẹ́ yìí la fẹ́ dáná sun oko yìí, ká lè gé e."

"Kò burú. Ẹ sun ti apá ọ̀hún."

"Apá ibi tí ẹ jókòó sí yìí ni."

"Ẹ jẹ́ kó di ọ̀la nígbà náà."

"Afẹ́fẹ́ ò ní dúró dè yín, Bàbá. Ẹ jẹ́ n bá yín fa ilé yìí sẹ́yìn."

Perce gbé ife rẹ̀ kalẹ̀. "Ọ̀rẹ́, ilé yìí ò rìn sẹ́yìn rí."

Santo wo Merle. Merle wo inú tíì rẹ̀. Iná kọ́ ló ń bà á lẹ́rù. Ó mọ̀ pé bí àjèjì bá fa ilé náà jáde lójú Perce, ọkọ òun kò ní rìnrìn àjò mọ́ láyé.

Nígbẹ̀yìn, Santo lọ gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé ìrèké wá. Ó gé ìrèké tútù ní òbìrípo yí ẹ̀rọ omi náà ká, kí ilé náà lè yípo kó sì jáde ní iwájú-iwájú. Bí Perce ṣe ń kọjá, ó yọrí lójú fèrèsé.

"Oko yín ṣẹ̀ṣẹ̀ wá rójú," ló wí.

Nílùú Proserpine, rélùwéè tó ń kó ìrèké lọ sílé iṣẹ́ ṣúgà bàjẹ́ síbi tí ojú irin ti gba orí títì kọjá. Àwọn ọkọ̀ yòókù yí padà, wọ́n gba ibòmíràn. Perce sọ̀ kalẹ̀, ó ń din ẹyin. Awakọ̀ rélùwéè wá bá a.

"Bàbá, ẹ ò ní yí padà ni?"

"Kí n yí padà ṣe kí ni? Ojú ọ̀nà tèmi ni mo wà. Ìwọ lo dínà."

Awakọ̀ náà tọrọ àforíjì, ó sì bèèrè bóyá ẹyin ṣì kù.

Ní Tully, níbi tí òjò kì í dá, ẹ̀yìn nìkan lèèyàn lè fi wọ àyè tí wọ́n fún wọn nínú ọgbà tí àwọn arìnrìn-àjò ń gbé ilé onítáyà wọn sí. Perce wò ó títí, ó ní òun ń lọ wẹ̀. Iṣẹ́ oko ìrèké ni bàbá Merle ṣe, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Merle sì ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ọkọ̀ ẹrù rìn sẹ́yìn kó tó mọ ìwé kà dáadáa. Kò sọ ọ́ fún Perce rí. Ó bọ́ sídìí ọkọ̀, ó fi ẹ̀yìn ti ilé náà sínú àyè wọn lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì lọ jókòó.

Perce dé pẹ̀lú aṣọ ìnura lọ́rùn. Ó wo ilé. Ó wo Merle.

"Ilẹ̀ ibí dagẹ̀rẹ̀," ló wí.

"Ó dagẹ̀rẹ̀ gan-an."

Ilẹ̀ náà tẹ́jú bíi tábìlì.

Lọ́dún tó kọjá, Perce dùbúlẹ̀ sílé ìwòsàn ní Mackay. Merle di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Merle, ilẹ̀ Tully yẹn, ó mọ ọkọ̀ wà jù mí lọ."

"Fi ìyẹn sílẹ̀, jàre."

"Mo kàn fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni."

"Lọ́wọ́ ilẹ̀?"

"Lọ́wọ́ ilẹ̀."

Nígbà tí ìkórè tún dé, Perce ti lọ, Merle nìkan ló fa ilé náà lọ sí Ayr. Bó ṣe wọ ọ̀nà tóóró náà, ọkọ̀ ìrèké kan ń bọ̀ níwájú. Merle fi ẹ̀yìn rìn gbọnrangandan padà sójú títì, ó jẹ́ kó kọjá, ó sì tún wọ ọ̀nà náà. Santo dúró lẹ́bàá ọ̀nà, ó lanu.

"Màmá, ẹ mọ̀ ọ́n ṣe tó báyìí! Lọ́jọ́sí ńkọ́?"

"Lọ́jọ́sí, mò ń mu tíì."

Òbìrípo náà ṣì wà. Santo kò gbin nǹkan kan síbẹ̀ láti ọjọ́ náà. Òbìrípo Perce ni àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ń pè é. Merle gbé àga méjì jáde, òun àti Santo sì mu tíì níbẹ̀. Nígbà tí Merle fẹ́ máa lọ, Santo ní òun yóò kúrò lọ́nà kó lè fi ẹ̀yìn jáde.

Merle wo àga tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú ọkọ̀.

"Rárá o," ló wí. "Ilé yìí ò rìn sẹ́yìn rí."

Santo ṣí fìlà rẹ̀. Merle rọra yí òbìrípo náà po, ó sì jáde ní iwájú-iwájú.