Páìpù Bíréèkì Mọ́tò Bàbá Mi

Ọjọ́ tí ìwé dé pé yunifásítì tuntun kan ní Ọ̀tà ti gbà mí síṣẹ́, bàbá mi kò kọ́kọ́ kí mi kú oríire. Ohun tó sọ ni pé, "Èmi ni màá fi mọ́tò mi gbé ọ lọ lọ́jọ́ Mọ́ńdè."

Màámi bú sẹ́rìn-ín. "Mọ́tò wo? Èyí tí adìyẹ ń yé ẹyin sí yẹn?"

Òótọ́ ló sọ. Mọ́tò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ kan ni, ìdí rẹ̀ rí roboto, àwọ̀ rẹ̀ dà bíi ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò tíì pọ́n. Bàbá mi rà á nígbà tó ṣì jẹ́ fítà, ẹni tó ń to páìpù ẹ̀rọ, ní ilé iṣẹ́ kan ní Ṣàngó. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣì ń ké dáadáa. Bíréèkì ni kò sí. Ìpẹtà ti jẹ àwọn páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń gbé epo bíréèkì lọ sí ẹsẹ̀ mọ́tò. Bí mo ṣe fọwọ́ kan ọ̀kan báyìí, ó rún sí mi lọ́wọ́ bíi bísíkíìtì.

Mo ní, "Bàbá mi, ṣé ká ra páìpù fíríìjì? Ó rọ̀, ó sì rọrùn láti tẹ̀."

Ó wò mí bí ẹni tí mo bú. "Páìpù fíríìjì! Tí mo bá tẹ bíréèkì lẹ́yìn tírélà, ṣé omi tútù ni kó fún mi mu? Agbára epo á fà á ya. Páìpù tí wọ́n ṣe fún bíréèkì la máa lò."

A rí i rà ní Ṣàngó lọ́jọ́ Sátidé. Inú mi dùn débi pé mo gbé e kọ́rùn bí ìlẹ̀kẹ̀ délé wa ní Ìjòkó.

Bàbá mi fi wáyà tí wọ́n fi ń kọ́ aṣọ tẹ̀lé gbogbo ibi tí páìpù àtijọ́ gbà kọjá. Wáyà náà la wá ń wò tí a fi ń tẹ páìpù tuntun lórí ẹní ní pálọ̀. Níbi tó bá yí gbòòrò, ara ìgò oyin la fi tẹ̀ ẹ́. Níbi tó bá há, bátìrì tọ́ọ̀ṣì. Bàbá mi kò yéé sọ pé, "Díẹ̀díẹ̀ o. Tó bá fi lè fún pọ̀ níbì kan, ó ti bà jẹ́ nìyẹn." Èmi ni mo tẹ èyí tó gùn jù, ó sì rí gẹ́lẹ́ bíi ti wáyà. Mo jó yí pálọ̀ ká.

Bàbá mi wá fi irinṣẹ́ fẹ ẹnu rẹ̀ bí ẹnu fèrè lápá méjèèjì, kí epo má baà máa jò. Ó gbé e sókè, à ń wò ó. Ìgbà yẹn ni mo rí nọ́ọ̀tì méjì tó yẹ kó de páìpù mọ́ mọ́tò, tí wọ́n jókòó jẹ́jẹ́ lórí ẹní. Ó yẹ ká ti ki wọ́n bọ páìpù kó tó fẹ ẹnu rẹ̀. Ní báyìí, kò síbi tí wọ́n lè gbà wọlé mọ́.

Mo nàka sí wọn.

"Súbúhánálláhì!" Bàbá mi, ògbólógbòó fítà, jókòó sílẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀. Èmi náà ṣubú lulẹ̀. Màámi sáré wọlé, ó rò pé à ń sunkún. Nígbà tó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó ní, "Ọ̀gá mẹkáníìkì!" ó sì padà sídìí ọbẹ̀ rẹ̀. A gé ẹnu kan kúrò, a ki nọ́ọ̀tì bọ̀ ọ́, a tún un fẹ̀.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, a ti de àwọn páìpù mọ́ mọ́tò, a sì ti rọ epo bíréèkì sí i; ó ku ká lé atẹ́gùn jáde nínú páìpù kí bíréèkì lè mú. Èmi wà lábẹ́ mọ́tò, Màámi jókòó sáyè dírẹ́bà. Tí mo bá ní, "Ẹ tẹ̀ ẹ́," á tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀, èmi á tú nọ́ọ̀tì kékeré kan kí atẹ́gùn lè jáde. Kò gbọdọ̀ gbẹ́sẹ̀ títí màá fi dè é padà, tí màá sọ pé, "Ẹ tú u sílẹ̀."

Àmọ́ ṣọ́ọ̀ṣì tuntun kan wà lẹ́yìn ògiri wa, sípíkà wọn sì kọjú sí wa. Bí mo ṣe tú nọ́ọ̀tì báyìí ni pásítọ̀ bú jáde: "Ẹ̀yin ọ̀tá, ẹ tú u sílẹ̀!"

Màámi gbẹ́sẹ̀. Atẹ́gùn tún wọlé pòò.

"Màámi, èmi kọ́ o!"

"Ta wá ló ní kí n tú u sílẹ̀?"

"Pásítọ̀ ni!"

A tún bẹ̀rẹ̀. Pásítọ̀ tún bú, "Mo ní ẹ tú u sílẹ̀!" Màámi tún gbẹ́sẹ̀. Ẹ̀rín pa mí débi pé mo forí gbá irin. Bàbá mi ní ká yí ọ̀rọ̀ náà padà: "ọsàn" fún títẹ̀, "ìbẹ́pẹ" fún títú. Ọsàn, ìbẹ́pẹ, ọsàn, ìbẹ́pẹ, títí bíréèkì fi le gbandi lábẹ́ ẹsẹ̀ Màámi.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, a kò tíì kọjá Ṣàngó tí ọlọ́kadà kan tó gbé mátírẹ́ẹ̀sì fi já síwájú wa lójijì. Bàbá mi tẹ bíréèkì. Mọ́tò dúró ṣinṣin. Ọlọ́kadà náà dọ̀bálẹ̀ lórí ọ̀kadà rẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ ṣeun o!"

"O rí i?" ni bàbá mi pariwo sí mi. "O rí i bó ṣe dúró?"

Láti ibẹ̀ lọ, kò sí gálọ́ọ̀pù, ìyẹn kòtò ojú ọ̀nà, tí kò fi bíréèkì kí. Mo pẹ́ dé ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Nígbà tí ọ̀gá mi bi mí pé kí ló dá mi dúró, mo ní, "Bíréèkì ni, sà," ẹ̀rín sì gbà mí lẹ́nu kí n tó lè ṣàlàyé.

Nígbà tí mo délé nírọ̀lẹ́, bàbá mi kò sí nílé. Màámi ní ó ti gbé lémọ́ọ̀mù lọ wo bí mọ́tò ṣe ń dúró, àwọn alájọgbé wa méjì sì ti wọ bàtà, wọ́n ń dúró de ìgbà tó máa kàn wọ́n.