Ọwọ́ Òsì Ọmọ Tó Gbé Oúnjẹ Wá

Ní ọ̀sán ọjọ́ tí a lò kẹ́yìn papọ̀, èmi ni mo bá ìyàwó mi de bàtà rẹ̀. Orúnkún kì í jẹ́ kí ó lè bẹ̀rẹ̀ dáadáa mọ́, nítorí náà ó jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, ó na ẹsẹ̀ sí mi, mo sì fi ìkánjú fa awọ bàtà náà. Ó ní, "Dádì, ó ti fún jù." Mo ní yóò dẹ̀ bó bá yá, kí a máa lọ, takisí ń dúró. Kò sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà tí a padà dé, ojú ibi tí awọ náà ti fún un ṣì wà ní ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ilé oúnjẹ àwọn ará Gíríìsì kan lápá Bódìjà là ń lọ. Ọmọ wa obìnrin tó wà ní Èkó ló ní kí a lọ jẹun níbẹ̀, nítorí ó pé ogójì ọdún tí a ti ṣe ìgbéyàwó. Ẹ̀yìn Bẹẹrẹ ni ilé wa, bí a bá sì máa jẹun níta, a kì í kọjá Ọjà'ba. Ìyàwó mi wọ léèsì aláwọ̀ ewé tí kì í wọ̀ bí kò ṣe ọjọ́ Àjíǹde.

Wọ́n fi wá sí ìdí fèrèsé. Ọmọbìnrin kan tí kò lè ju ogún ọdún lọ kúnlẹ̀ díẹ̀ kí wa, ó sì gbé ìwé oúnjẹ lé wa lọ́wọ́. N kò mọ ohun kan nínú orúkọ tó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí ó hàn. Mo fi ìka tọ́ka sí ọ̀kan, mo ní kí wọ́n gbé e wá ní gbígbóná.

Ọmọ náà rọra ní, "Tútù ni wọ́n ń jẹ ẹ́ sà. Ewébẹ̀ ni, pẹ̀lú wàrà àti èso ólífì."

Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín. Ó bi ọmọ náà pé, "Ṣé ólífì inú Bíbélì náà ni? Èyí tí àdàbà já ewé rẹ̀ lọ sínú ọkọ̀ áàkì?"

"Òun ni mà."

Nígbà tí wọ́n gbé e dé, ó jẹ ẹyọ kan, ojú rẹ̀ sì fún pọ̀. "Abájọ tí àdàbà fi mú ewé, tó fi èso sílẹ̀."

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín títí ó fi bo ẹnu. Àwọn méjèèjì mọwọ́ ara wọn. Èmi jókòó, mo ń wo fèrèsé.

Lẹ́yìn náà ni ó gbé ẹran àgùntàn sísun wá. Ó gba ẹ̀gbẹ́ òsì mi wọlé, ó sì fi ọwọ́ òsì gbé àwo síwájú mi.

Mo ní, "Ọwọ́ wo nìyẹn?"

Kò tètè yé e.

"Ọwọ́ wo lo fi gbé oúnjẹ fún mi?"

"Ẹ má bínú sà. Bí wọ́n ṣe kọ́ wa…"

"Wọn ò kọ́ ọ nílé rárá kí o tó débí?"

Ọdún márùndínlógójì ni mo fi ṣe tíṣà, ohùn mi sì mọ bí a ti ń dé ẹ̀yìn kíláàsì. Gbogbo ènìyàn yíjú. Mo ní kí wọ́n pe máníjà. Ọkùnrin náà dé, ó ń tẹríba, ó ní, "A máa rí sí i sà." Ọmọ náà ti wà lórí ìkúnlẹ̀ ní àárín ilé oúnjẹ, aṣọ ìnuwọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyàwó mi kò fọwọ́ kan ẹran rẹ̀ mọ́. Ó ní kí wọ́n bá òun dì í.

Ó di inú takisí kí ó tó sọ̀rọ̀.

"Ṣé ẹ wo àwọn tábìlì tó kù? Ẹ̀gbẹ́ òsì ni gbogbo àwọn tó ń gbé oúnjẹ ń gbà, ọwọ́ òsì ni wọ́n ń lò, kí apá wọn má baà dí ẹni tó ń jẹun lójú. Bí òyìnbó tó ni ibẹ̀ ṣe ní kí wọ́n ṣe é nìyẹn."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka owó takisí.

"Tíṣà, ẹ ti rí i kí n tó sọ."

Òótọ́ ni. Mo ti rí i kí n tó pe máníjà. Mo ti kà á nínú ìwé rí, mo tiẹ̀ ti ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn ọmọ iléèwé rí. Kì í ṣe ọwọ́ òsì ló bí mi nínú.

Nínú ilé wa, ìyàwó mi ló máa ń bá mi bẹ ènìyàn. Bí mo bá kan káfíńtà tó wà ní Bẹ́yẹrúnkà lábùkù lónìí, òun ni yóò yà síbẹ̀ lọ́la, tí yóò ní, "Ẹ má dá Tíṣà lóhùn, ebi ló ń pa á." Ogójì ọdún ni ó fi ṣe iṣẹ́ yìí. Ṣùgbọ́n bí a ti ń gun òkè Màpó lọ, ó ní, "Tòní yìí, n kò ní bá yín bẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa lọ. Wọ́n lè lé ọmọ yẹn."

Mo ní, "A ó rí i."

Nígbà tí a délé, ó tú bàtà rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó sùn, kò sì jí ní àárọ̀ ọjọ́ kejì.

Fún oṣù mẹ́ta, àwọn ọmọ ni wọ́n ń ṣe ohun gbogbo fún mi. Wọ́n ń sè, wọ́n ń fọ̀, wọ́n ń gba àlejò. Wọ́n sọ fún àwọn àlejò pé ìyá wọn fi ayọ̀ lo ọjọ́ ìkẹyìn rẹ̀, pé a jáde lọ jẹun. Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, n kò sì tún un ṣe.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, mo jáde láì sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo wọ kẹ̀kẹ́ ní Bẹẹrẹ. Máníjà dá mi mọ̀, ara rẹ̀ kò sì lélẹ̀. Ó ní àwọn kò tíì lé ọmọ náà, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ló wà láti ọjọ́ náà, ó ń fọ àwo, kò dé ìdí tábìlì mọ́. Mo ní èmi ni mo jẹ̀bi, kí wọ́n jọ̀ọ́ dá a padà.

Ó ní, "A máa rí sí i sà."

Mo mọ ọ̀rọ̀ yẹn. Mo jókòó. Mo ní n kò ní dìde títí yóò fi pè é.

Ọmọ náà dé, omi ọṣẹ ṣì wà lápá rẹ̀. Ó fẹ́ kúnlẹ̀. Mo ní kí ó dúró. Mo ní, "Ohun tí wọ́n kọ́ ọ lo ṣe. Mo mọ̀ ọ́n nígbà yẹn. Má bínú."

Ó wo máníjà, ó wò mí. Ó ní, "Mọ́mì ńkọ́, sà?"

Mo sọ fún un. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Nígbà tó ṣe, ó béèrè bóyá màá jẹun. Mo ní kí ó gbé ti ólífì yẹn wá, ní tútù.

Òun fúnra rẹ̀ ló gbé e wá. Ó dé ẹ̀gbẹ́ òsì mi, ó dúró, ó sì fẹ́ pààrọ̀ ọwọ́.

Mo ní, "Rárá. Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ."

Ó gbé e kalẹ̀. Mo sì jẹ ẹ́ tán, ti òun ti kíkorò rẹ̀.