Ọwọ́ Mi Lẹ́rẹ̀kẹ́ Ọkọ Mi

Ẹnu mi mú. Kò sẹ́ni tó mọ̀ mí ní Ìkìrun tí kò ní sọ bẹ́ẹ̀ fún yín. Nítorí náà, nígbà tí ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í pa eyín keke lójú oorun, yẹ̀yẹ́ ni mo kọ́kọ́ fi ṣe. Bílẹ̀ bá ti mọ́, màá ní, "Bàbá ọmọ mi, ta lẹ tún jẹ mọ́jú òní? Ẹ ò tiẹ̀ fi eegun ẹ̀ sílẹ̀ fún wa." Kì í rẹ́rìn-ín. Ọdún tí wọ́n yọ ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kúrò lára Ọ̀yọ́, ó ń jẹ àkàrà lọ́wọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan ni eyín ẹ̀ kan là sí méjì.

Dọ́kítà eléyín tá a lọ bá ní Òṣogbo ní àwọn yòókù náà ti ń jẹ. Ó ní nílùú òyìnbó, ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ aláìsàn lẹ́rẹ̀kẹ́, táá máa ka iye ìgbà tí iṣan ibẹ̀ le bó ṣe ń sùn nílé ara ẹ̀. "A ò ní in níbí. Ọwọ́ yín ni ẹ̀rọ, mà. Tí wọ́n bá ti sùn, ẹ gbé e lé wọn lẹ́rẹ̀kẹ́. Bí iṣan bá ti le, kẹ́ ẹ fa ìlà kan síwèé. Lẹ́yìn oṣù kan, a lè mọ ohun tó ń fà á."

Àwa méjì ló fẹ́. Òkúkù ló ti ń ṣiṣẹ́ ìjọba, Inísà sì wà lójú ọ̀nà. Ibẹ̀ ló fi ìyàwó kékeré, aránṣọ, sí. Ọjọ́ mẹ́ta lọ́dọ̀ ẹ̀, mẹ́rin lọ́dọ̀ èmi ìyáálé. Tíṣà ni mí, mo fi rúlà pín ìwé méjì sí ọjọ́ ọjọ́, mo fún ọkọ wa ní ìkan mú lọ sí Inísà.

Kí n má purọ́, inú mi dùn síṣẹ́ yẹn. Ó ti pẹ́ tí mo ti fọwọ́ kan ojú ọkọ mi gbẹ̀yìn. Iṣan á rọra dìde lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ mi, á le bí èkùrọ́, á tún wálẹ̀. Ìlà kún ojú ewé. Mo ní bí ara ẹ̀ bá yá, á mọ ẹni tó tọ́jú òun, á sì fẹ́ràn mi bíi ti àárọ̀ ọjọ́. Eyín kọ́ ló ká mi lára.

Lọ́sẹ̀ kẹta, ó gbé ìwé ti Inísà wálé. Ọjọ́ wà níbẹ̀, ìlà kankan ò sí. Orí mi gbóná. "Oorun ni ìyàwó yín ń sùn! Ṣé irú ẹ̀ ló máa tọ́jú aláìsàn?" Ó wolẹ̀, mo sì ń rí iṣan tó ń le lẹ́rẹ̀kẹ́ ẹ̀ bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ.

Ojú lọ̀rọ̀ wà. Nígbà tó mú ìwé náà padà lọ, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Inísà lọ́sàn-án Sátidé, kí n lọ kọ́ ìyàwó bí wọ́n ṣe ń kà á. Mo bá ọkọ mi tó sùn sórí ẹní ní pálọ̀, orí ẹ̀ wà lórí itan ìyàwó. Ọwọ́ ìyàwó kan wà lẹ́rẹ̀kẹ́ ẹ̀, pẹ́ńsù wà lọ́wọ́ kejì. Ó ń ṣe é bó ṣe yẹ.

"Ẹ káàbọ̀, mà," ló rọra wí. "Ẹ má bínú pé mi ò lè kúnlẹ̀, wọ́n á jí. Mò ń ṣọ́ ọ o, mi ò kàn rí nǹkan kà ni. Ẹ wá fọwọ́ kàn án fúnra yín."

Mo jókòó, mo gbé ọwọ́ mi síbi tí tiẹ̀ wà. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọkọ mi rọ̀ bíi ti ọmọ ọwọ́. Ẹnu ẹ̀ là sílẹ̀, itọ́ ń dà. Ọdún mẹ́rìnlá tí mo ti wà nílé ọkùnrin yìí, mi ò rí i kó sùn báyẹn rí. Mo dúró títí. Iṣan kankan ò le. Omijé bọ́ lójú mi, ó kán sí i létí, ó lajú.

"Ìwọ?" ló wí. "Ṣé kò sí o?"

Iṣan náà dìde lábẹ́ ọwọ́ mi, ó le gbagidi.

Èmi ẹlẹ́nu mímú, pẹ́ńsù ni mo gbà lọ́wọ́ ìyàwó, mo fa ìlà kan síwèé ẹ̀. Òun nìkan ni ìlà tó wà níbẹ̀.