Ọ̀gá Tó Ní Kí N Má Sáré

Bí mo bá rí ẹni tó ń sáré dá sí ohun tí kò kàn án, ohùn ọ̀gá wa níléeṣẹ́ iná ní Yaba ló máa ń dún sí mi létí: “Ẹni tó sún mọ́ ọn ńkọ́?”

Òfin rẹ̀ ni pé bí fóònù bá dún ní ọ́fíìsì, ẹni tó sún mọ́ ọn jù ló gbọ́dọ̀ gbé e. Àfi tí kò bá gbé e ni ẹlòmíì tó lè dìde. Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì máa ń fò dìde ṣáá, torí ẹ̀rù ń bà mí kí wọ́n má pè mí lọ́lẹ.

Ọ̀gá á ní, “Gírádúéètì, jókòó! Bó ṣe yẹ kí ẹ̀rọ tó ń gé iná bí wáyà bá já náà máa ṣe nìyí: kí èyí tó sún mọ́ ọn jù kọ́kọ́ gé e.”

Nígbà yẹn, bí wáyà kan bá já ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó, gbogbo Sùúrùlérè àti Yaba ló ń ṣókùnkùn, torí ẹ̀rọ ńlá ọ̀dọ̀ wa kì í dúró de kékeré tó wà níbẹ̀. Ọ̀gá ní kí n tún àkókò wọn tò. Mo ṣírò ó títí kí n tó tò ó: bí ẹ̀rọ ńlá bá yá jù, gbogbo àdúgbò á ṣókùnkùn; bó bá pẹ́ jù, tiransífọ́mà á jóná.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀, òṣìṣẹ́ wa ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó pè: wáyà ti já, iná ti lọ lọ́dọ̀ wọn. Mo wòkè. Fáànù wa ṣì ń yí! Mo pariwo, mo bẹ̀rẹ̀ sí í jó, omijé ayọ̀ sì ń bọ́ lójú mi.

Ọ̀gá bú sẹ́rìn-ín. “Ẹ wo ọmọ yìí! Ṣebí Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó yẹn náà lò ń gbé?”

“Ibẹ̀ ni, sà! Òkùnkùn ni mo máa bá nílé!” Mo sì ń jó lọ.