Okbun àti Ẹni Kẹta Tó Bá Wọn Lọ sí Biyangdo

Òwú ni Okbun fi ń jẹun, owú ló sì fẹ́ ba tiẹ̀ jẹ́. Aṣọ tó ya, ṣòkòtò tó fún, síìpù tó kọṣẹ́, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń kó wá fún un ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lẹ́yìn ọjà ẹja ní Gunsan. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, Pillye ọ̀rẹ́ rẹ̀ nìkan ló kù tó ń wọlé tọ̀ ọ́ láìkanlẹ̀kùn. Bí ìgbà òtútù bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, àwọn méjèèjì á gba erékùṣù Jeju lọ. Láàárọ̀, wọ́n á wọkọ̀ ojú omi lọ sí ọ̀kan nínú àwọn erékùṣù kéékèèké tí òkè oníná bì sójú òkun. Nírọ̀lẹ́, wọ́n á padà. Okbun kì í sọ ọ́ síta, àmọ́ ìrìn àjò yìí ló ń fún un lókun láti máa ránṣọ nígbà tí òtútù bá mú ìka rẹ̀ le gbagidi.

Lọ́dún tí à ń wí yìí, Pillye mú ẹnì kan dání. Jeongim lorúkọ rẹ̀, olùkọ́ jẹ́lé-ó-sinmi tó ti fẹ̀yìn tì. Ibi tí wọ́n ti ń kọ́ bí a ṣe ń lúwẹ̀ẹ́ ni wọ́n ti pàdé.

"Ìyá Changho," ni Pillye wí fún Okbun, "èèyàn dáadáa ni o. Wàá fẹ́ràn rẹ̀."

Okbun ní kò burú. Ẹnu lásán ló fi sọ ọ́.

Nínú ọkọ̀ tó ń lọ sí Biyangdo, ọ̀kan nínú àwọn erékùṣù kéékèèké náà, Jeongim bó ẹyin bíbọ̀, ó bu iyọ̀ díẹ̀ sí i, ó fi lé Pillye lọ́wọ́. Látọjọ́ pípẹ́, Okbun ló máa ń bó ọsàn fún Pillye nínú ọkọ̀. Ó ti bó tòní náà, ó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Fi sílẹ̀ ná," ni Pillye wí, "ẹyin ti kún mi lẹ́nu."

Okbun fúnra rẹ̀ ló jẹ ẹ́. Ọsàn Jeju kì í kan, ṣùgbọ́n eléyìí korò lẹ́nu rẹ̀ bí ewúro.

Nígbà tí wọ́n ń gun òkè, apá Jeongim ni Pillye dì mú. Wọ́n dé orí rẹ̀, Pillye ní, "Ìyá Changho, bá wa ya fọ́tò. Ìwọ lọwọ́ ẹ kì í gbọ̀n."

Okbun yà wọ́n. Jeongim gba fóònù náà, ó wò ó títí. "Ẹ̀gbọ́n, orí mi dà?"

"Afẹ́fẹ́ ló gbé e lọ."

Pillye rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀, Jeongim náà sì ń bá a rín in. Okbun nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Lọ́sàn-án, wọ́n jẹ ìrẹsì rírọ̀ tí wọ́n fi ìgbín òkun sè. Pillye fẹ̀yìn ti ògiri ilé oúnjẹ náà, ó sùn lọ. Jeongim dìde, ó fẹ́ lọ wo àwọn àpáta dúdú tí òkè náà tu sí òdìkejì erékùṣù.

"Ẹ̀gbọ́n, ìgbà wo lọkọ̀ ìkẹyìn ń lọ?"

Aago mẹ́rin ni. Okbun mọ̀ ọ́n dunjú.

"Aago márùn-ún," ló wí. "Rọra máa wò ó kiri."

Ọ̀rọ̀ náà ti jáde kó tó mọ̀, ṣùgbọ́n kò pè é padà.

Nígbà tí ọkọ̀ dé, Okbun ti jókòó sínú rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ẹrù wọn. Pillye dúró létí omi, ó ń wo ọ̀nà. "Jeongim dà?"

"Ṣé ọmọdé ni? Wọlé jàre."

"Èmi ni mo mú un wá. Mi ò lè fi í sílẹ̀."

Ọkọ̀ gbéra. Okbun ì bá ti bọ́ sílẹ̀ kó tó gbéra, àmọ́ ìbínú dè é mọ́ ìjókòó.

Nírọ̀lẹ́, fóònù rẹ̀ dún níbi tí wọ́n dé sí ní Hallim, létí òkun Jeju. "A ti ríbi sùn," ni Pillye wí. "Ìyá olóúnjẹ ló fún wa ní yàrá. Jeongim ní òun ló ṣi aago gbọ́." Ẹnì kan ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn rẹ̀. Okbun gbé fóònù sílẹ̀. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi tẹ́ ẹní fún àwọn méjèèjì, bó tilẹ̀ mọ̀ pé wọn ò ní wálé lálẹ́ yẹn.

Ilẹ̀ mọ́, ó lọ dúró dè wọ́n ní èbúté. Pillye rán Jeongim lọ ra kọfí, ó wá yíjú sí i.

"Ìyá Changho, ṣé etí Jeongim ló di ni?"

"Etí rẹ̀ ò di."

"Mo mọ̀. Ọkọ mi gan-an ò jowú mi tó báyìí rí. Lọ bẹ̀ ẹ́."

Okbun lọ, ó bẹ̀ ẹ́. Jeongim kò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. "Ó dùn mí o, Ẹ̀gbọ́n. Mo sáré títí ẹsẹ̀ mi fi bó. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi mọ́." Lẹ́yìn náà ló na kọfí kan sí i.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló lọ sí Gapado, erékùṣù kékeré mìíràn. Owú náà kò kúrò lára Okbun. Bí Pillye bá ti fara ti Jeongim, Okbun á dìde lọ síwájú ọkọ̀. Á jẹ́ kí afẹ́fẹ́ òkun máa fẹ́ sí i lójú, títí á fi lè padà wá jókòó tì wọ́n láìsọ̀rọ̀ burúkú.