Àwọ̀n Tí Mo Rẹ Sómi Bọ̀ọ̀nì

Nígbà tí mo ṣì kéré, ẹ̀yin ọmọ mi, omi ọ̀sà ẹ̀yìn ilé wa l'Ájégúnlẹ̀ kò dúdú báyìí. Ẹranko omi tí àwọn òyìnbó Àpápá ń pè ní dọ́fíìnì a máa wọlé wá. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín o, ojú mi ló ṣe! Apẹja ni bàbá mi. Ó ní dọ́fíìnì kì í ṣe ẹja, pé ó ń mí bíi tiwa, òun ló sì ń lé ẹja sínú àwọ̀n fún wa, nítorí náà a kì í pa á.

Òwú ni àwọ̀n nígbà náà, omi iyọ̀ sì ń tètè jẹ ẹ́. Èso bọ̀ọ̀nì tí àwọn Haúsá ń kó wá láti òkè Ọya la máa ń sè, ká rẹ àwọ̀n sínú omi pupa rẹ̀ kó lè le. Igi ẹlẹ́gùn-ún ni bọ̀ọ̀nì. Wọn a gé e, a tún rúwé. Dọ́fíìnì ò ní ẹ̀gún kankan, bí ó bá pẹ́ jù lábẹ́ omi láìmí, ó tán. Ìdí nìyẹn tí bàbá mi fi máa ń fi igun àwọ̀n kan sílẹ̀ láìrẹ, kó lè já bí dọ́fíìnì bá há. Èmi ò mọ̀.

Lọ́jọ́ kan tí ó lọ sí Ìjọ́rà, mo rí igun funfun náà. Mo ní bàbá ti gbàgbé nìyẹn. Mo rẹ ẹ́, mo sá a gbẹ, mo ká àwọ̀n jọ dáadáa. Inú mi ń dùn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, a bá abo dọ́fíìnì kan nínú àwọ̀n, ó ti kú. Ọmọ rẹ̀ ń yí ọkọ̀ wa po. Bàbá mi fọwọ́ kan igun tó ti pọ́n náà.

“Yé, mo gbé! Ṣé èmi ni mo rẹ èyí?”

Ó bú sẹ́kún. Ẹ̀rù bà mí, mo gbájú mọ́ omi tí mo ń gbọ́n kúrò nínú ọkọ̀.

Kò dẹ àwọ̀n mọ́ láyé rẹ̀. Ẹrù ló rù lójú ọ̀nà Liverpool l'Ápápá títí ó fi darúgbó, ó máa ń sọ pé ọwọ́ òun ti gbàgbé iṣẹ́, òun ò yẹ lójú omi mọ́.

Bọ̀ọ̀nì ṣì wà lórí àtẹ àwọn eléwé ọmọ l'Ámùkòkò, ẹ lọ wò ó. Ti dọ́fíìnì, ẹ má wulẹ̀ retí. Epo àti ọ̀rá ló kún ojú omi, náílọ́ọ̀nù ni gbogbo àwọ̀n, kò sì sí igun tó ń já. Èmi ò retí ohunkóhun mọ́.

Ọwọ́ mi ni bàbá mi kú sí. Ọ̀rọ̀ igun àwọ̀n náà dé ètè mi, mo gbé e mì. Ó lọ pẹ̀lú èrò pé òun ló pa dọ́fíìnì náà.